Location nínú áàpù: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ áàpù

Ẹjọ́ bátìrì ló bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìbéèrè tó wà níbí. Oníbàárà á ní áàpù yín ń fa bátìrì òun gbẹ, kí ẹ sì tó wá ọ̀rọ̀ sọ, ó ti yọ ọ́ kúrò lórí fóònù. Áàpù àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé ẹrù káàkiri Èkó ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù, torí gbogbo ìyọnu location, ìyẹn mímọ ibi tí fóònù wà, ló pé sórí rẹ̀: ọ̀nà jíjìn, ilé gíga, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń wá tó ń lọ, àti fóònù olówó pọ́ọ́kú tí kò ní rí ṣájà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín kò le tó bẹ́ẹ̀, ẹ mú èyí tó bá yín mu níbẹ̀.

Báwo gan-an ni fóònù ṣe ń mọ ibi tó wà?

Ọ̀nà mẹ́ta ló ń gbà, ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń gbà lọ́wọ́ bátìrì yàtọ̀ síra.

Àkọ́kọ́ ni sátẹ́láìtì. GPS ti Amẹ́ríkà ló lórúkọ jù. Ọdún 1978 ni àkọ́kọ́ nínú wọn gòkè, ọdún 1995 ni gbogbo rẹ̀ sì pé sẹ́nu iṣẹ́. Lónìí, ọ̀pọ̀ fóònù tó wà lọ́jà ń gbọ́ GLONASS ti Rọ́ṣíà, Galileo ti ilẹ̀ Yúróòpù àti BeiDou ti Ṣáínà mọ́ ọn. Nǹkan bí 20,200 kìlómítà ni àwọn sátẹ́láìtì GPS fi jìnnà sí ilẹ̀. Aago wọn àti ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀ lójú ọ̀run ni wọ́n ń kéde. Fóònù á wo ìgbà tí ìkéde kọ̀ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á fi ṣírò bí òun ṣe jìnnà sí sátẹ́láìtì yẹn tó. Ó kéré tán, ó nílò mẹ́rin: mẹ́ta fún ibi tó wà, ìkẹrin fún títún aago fóònù fúnra rẹ̀ ṣe, torí bí aago bá fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá ṣìnà, ìṣírò á fi 300 mítà yẹ̀.

Èkejì ni Wi-Fi. Fóònù kò ní láti wọlé sórí Wi-Fi ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń gbọ́ àwọn tó wà nítòsí, á sì bi Google tàbí Apple léèrè ibi tí wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́. Ẹ̀kẹta ni òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Níta gbangba, tí nǹkan kan kò bo ojú ọ̀run, GPS inú fóònù á fi nǹkan bíi mítà márùn-ún sún mọ́ òótọ́. Wi-Fi á fi nǹkan bí ogún sí ogójì mítà sún mọ́ ọn láàárín ìgboro. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè fi ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan ṣì í nígboro, kó sì di kìlómítà lọ́nà oko níbi tí òpó ti jìnnà síra. Èyí tó tọ́ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ló ń jẹ bátìrì jù.

Ṣé location ń jẹ dátà?

GPS fúnra rẹ̀ kì í jẹ dátà rárá. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń gbọ́ rédíò: ilé iṣẹ́ rédíò kò mọ̀ pé ẹ ń gbọ́ òun, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Máàpù tí ẹ ń yà sójú fóònù ló ń jẹ dátà, àti ìròyìn tí áàpù ń fi ránṣẹ́ sí sáfà.

Dátà ṣì wúlò fún GPS lọ́nà kan. Ìkéde sátẹ́láìtì lọ́ra púpọ̀, bit 50 péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó fi jẹ́ pé ó ń gbà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kí fóònù tó gbọ́ ọ̀nà tí sátẹ́láìtì kan ń tọ̀ tán. Bí dátà bá wà, fóònù á fa ìròyìn yẹn wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní dúró gbọ́ ọ. Ìdí rèé tí fóònù tí wọ́n ti pa dátà rẹ̀ láti àná fi máa ń pẹ́ kó tó mọ ibi tó wà, tí oníbàárà á máa rò pé áàpù yín ló bàjẹ́. Ẹ kọ ọ́ sójú áàpù pé ó ṣì ń wá a. Ojú fóònù tó funfun báláú láìsí ọ̀rọ̀ kankan ló ń mú kí wọ́n pa áàpù.

Kí ló ń jẹ bátìrì gan-an?

Ohun mẹ́ta ni, ọ̀kan ṣoṣo ni àwọn èèyàn sì máa ń dárúkọ. GPS ń jẹ ẹ́, òótọ́ ni. Èkejì, bí ìròyìn bá ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ọpọlọ fóònù kò ráàyè sùn. Ẹ̀kẹta, tí mo gbà pé òun ló burú jù nínú áàpù tiwa, ni fífi ránṣẹ́. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá fi nǹkan ránṣẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bó ti wù kó kéré mọ, rédíò inú rẹ̀ á jí, kò sì ní padà sùn lójú ẹsẹ̀. Á ṣì lajú sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, bóyá nǹkan mìíràn ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọlọ́kadà kan ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ, áàpù sì ń ka ibi tó wà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìgbà 28,800 nìyẹn. Bí ẹ bá ń fi wọ́n ránṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, rédíò yẹn kò fojú kan oorun láti àárọ̀. Bí ẹ bá sọ kíkà náà di ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá, ó di 2,880. Bí ẹ bá tún wá kó mẹ́fà-mẹ́fà jọ kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ìgbà 480 péré ni rédíò á jí. Oníbàárà tó wà ní Lẹ́kí, tí ẹrù rẹ̀ ṣì wà ní Ọjọ́ta, kò ní mọ ìyàtọ̀. Lórí Android, `setMaxUpdateDelayMillis` ló ń ṣe kíkójọ yìí fún yín: ẹ sọ iye àkókò tí ẹ lè fi dúró, ìròyìn á sì máa wọlé ní ìdì-ìdì.

Báwo ni ibi tí mo ń béèrè ṣe gbọ́dọ̀ péye tó?

Bí iṣẹ́ áàpù yín bá ṣe nílò rẹ̀ mọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa kàn ń da `PRIORITY_HIGH_ACCURACY` kọ láti inú àpẹẹrẹ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a kì í sì í padà síbẹ̀ mọ́.

Lórí Android, ẹ má bá GPS ṣe tààrà. Ẹ lo Fused Location Provider tí Google ti gbé jáde láti 2013. Òun ló ń da GPS, Wi-Fi àti òpó pọ̀, tó sì ń fi èyí tí áàpù mìíràn ti béèrè ṣe tiyín nígbà tó bá ṣeé ṣe. `PRIORITY_HIGH_ACCURACY` á jí GPS. `PRIORITY_BALANCED_POWER_ACCURACY` á fún yín ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà, ìyẹn àdúgbò. `PRIORITY_LOW_POWER` á fún yín ní ìlú, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá. `PRIORITY_PASSIVE` kò ní béèrè nǹkan kan. Bí áàpù mìíràn bá béèrè, ẹ̀yin náà á gbọ́. Lórí iPhone, `desiredAccuracy` ni wọ́n ń pè é, lára ohun tí ẹ lè yàn níbẹ̀ sì ni `kCLLocationAccuracyBest` àti `kCLLocationAccuracyThreeKilometers`.

Ẹ wo áàpù àkókò ìrun, tó wà lórí fóònù ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fẹ́ location tó péye jù, kí ó sì máa rí i tọ̀sán tòru. Kí ló fẹ́ fi ṣe? Ayé ń yí dígíríì 15 ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú mẹ́rin ni dígíríì kan. Láti Ìkẹjà dé Ìkòròdú, ìyàtọ̀ ìgbà tí oòrùn dé àtàrí kò tó ìṣẹ́jú kan. Kódà láti Èkó dé Ìlọrin, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Bí áàpù yẹn bá mọ orúkọ ìlú, ó ti tó o. Kó béèrè lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ní `PRIORITY_LOW_POWER`, kó sì gbà kí ẹni tí kò bá fẹ́ tan location yan ìlú rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Bákan náà ni ti áàpù ojú ọjọ́, ti ìròyìn, ti ilé ìtajà tó fẹ́ mọ̀ bóyá Abẹ́òkúta ni ẹ wà tàbí Àkúrẹ́. Àwọn tó nílò mítà márùn-ún kò pọ̀: ẹni tó ń tọ́ awakọ̀ sọ́nà, ẹni tó ń sáré ìdárayá, àti ọlọ́kadà wa, tí kì í sì í ṣe ní gbogbo ìgbà.

Ìgbà mélòó ni kí áàpù máa béèrè?

Ìdáhùn yìí kò lè jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ohun tí ọlọ́kadà ń ṣe lọ́wọ́ ni kó máa pinnu rẹ̀.

Nígbà tó jókòó sábẹ́ afárá, tó ń retí iṣẹ́, kò yẹ kí áàpù máa ka nǹkan kan. Ohun kékeré tó ń mọ ìmìtìtì nínú fóònù, tí bátìrì tó ń jẹ kò tó nǹkan, lè sọ fún yín pé ọ̀kadà ti gbéra. Activity Recognition ti Android àti Core Motion ti iPhone wà fún iṣẹ́ yẹn. Kí ẹ tó fi iṣẹ́ lọ̀ ọ́, ẹ béèrè ibi tó wà lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tó ti gbé ẹrù, tó sì ń sáré 40 kìlómítà ní wákàtí, mítà 11 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nǹkan bíi mítà 110 láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó. Tó bá wà lórí Third Mainland Bridge, tó gùn tó kìlómítà 11.8, ibi tó lè yà sí kò pọ̀. Kíkà á ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan kò sọ nǹkan tuntun fún ẹnikẹ́ni. Tó bá há sínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ, ẹ fi ìwọ̀n ìrìn dí i: `setMinUpdateDistanceMeters` lórí Android, `distanceFilter` lórí iPhone. Bí kò bá tíì rin mítà 50, áàpù kò ní gbọ́ nǹkan kan.

Nígbà tó bá ku nǹkan bíi mítà 500 kó dé ilé oníbàárà, ẹ wá ṣí i sílẹ̀ gbayawu: GPS, ìṣẹ́jú àáyá méjì-méjì, kí ẹ sì máa fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ìgbà yìí ni oníbàárà dìde sójú fèrèsé tó ń wo máàpù. Bí ẹrù bá ti bọ́ sí i lọ́wọ́, ẹ pa á.

Ṣé mo lè lo ibi tí fóònù ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?

Ó dáa jù láti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, torí ọ̀fẹ́ ni. `getLastLocation` á dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ohun méjì ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ó lè dá òfìfo padà, ó sì lè jẹ́ ti àná ní Ṣágámù nígbà tí ẹni náà ti dé Ìbàdàn. Ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀ kí ẹ tó gbà á gbọ́. Bí ó bá ti gbó jù, ẹ pe `getCurrentLocation` lẹ́ẹ̀kan. Lórí iPhone, `requestLocation`.

Mo fẹ́ kí áàpù sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹnì kan bá sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Ṣé kí n máa ka ibi tó wà ní gbogbo ìgbà?

Rárá o. Geofence ni kí ẹ lò: ẹ ya àyíká kan sórí máàpù, ẹ̀rọ fóònù fúnra rẹ̀ á sì pè yín bí ẹni náà bá wọ inú rẹ̀ tàbí bó bá jáde. Ẹ má ṣe kéré ju ọgọ́rùn-ún sí àádọ́jọ mítà lọ láti àárín, torí Wi-Fi àti òpó ló máa ń gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ sì gbà pé ó lè fi ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ́.

Iye wọn ló ní ààlà: 100 fún áàpù kan lórí Android, 20 lórí iPhone. Bí ilé iṣẹ́ yín bá ní ẹ̀ka 300, ẹ forúkọ ogún tó sún mọ́ ẹni náà jù sílẹ̀, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn bó bá ṣe ń rìn. Lórí iPhone, `startMonitoringSignificantLocationChanges` dára fún pípààrọ̀ yẹn: ó ń sọ̀rọ̀ nígbà tí èèyàn bá ti rìn tó 500 mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sì í ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Wọn kì í fún áàpù mi láṣẹ. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ ti tètè béèrè jù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí áàpù yín, tí kò tíì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kò rí ìdí tó fi yẹ kó sọ ibi tó wà fún yín. Ẹ dúró di ìgbà tó bá tẹ bọ́tìnnì tó nílò rẹ̀.

Láti ọdún 2015, nígbà tí Android 6 dé, ni àṣẹ yìí ti bọ́ sọ́wọ́ onífóònù nígbà tó ń lo áàpù. Android 10 ya àṣẹ ìgbà tí áàpù wà lójú fóònù sọ́tọ̀ kúrò lára ti gbogbo ìgbà ní 2019; ọdún kan náà ni iOS 13 ti iPhone gbé àṣẹ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo dé, tí Android 11 náà sì gbé tirẹ̀ jáde ní 2020. iOS 14 ní 2020 àti Android 12 ní 2021 wá jẹ́ kí onífóònù lè sọ pé àdúgbò òun nìkan ni kí áàpù mọ̀. Lórí Android, àdúgbò yẹn jẹ́ ilẹ̀ tó fẹ̀ tó nǹkan bí 3 km². Áàpù tó bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́ torí pé wọ́n fún un ní àdúgbò dípò ojúlé, ẹni tó kọ ọ́ ló ṣe àṣejù.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ń béèrè ṣe pàtàkì. «Áàpù yìí nílò location rẹ» kò sọ nǹkan kan. Ẹ fi wé èyí: «A fẹ́ mọ àdúgbò tí ẹ wà kí a lè fi ilé oògùn tó sún mọ́ yín hàn yín. A kì í tọ́jú rẹ̀.» Tí ẹ bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ rí i pé òótọ́ ni pé ẹ kì í tọ́jú rẹ̀.

Àṣẹ gbogbo ìgbà ni kí ẹ béèrè kẹ́yìn, bí ẹ bá tiẹ̀ máa béèrè rẹ̀. Google Play á ní kí ẹ wá ṣàlàyé ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó gba áàpù yín wọlé.

Bí ọlọ́kadà bá ti pa ojú fóònù, áàpù mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Láti Android 8 ní 2017, áàpù tí kò sí lójú fóònù kì í gbọ́ location ju ìgbà mélòó kan lọ ní wákàtí kan. Bí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́ tí onífóònù sì mọ̀ sí i, ẹ lo foreground service, ìyẹn iṣẹ́ áàpù tó ń lọ ní gbangba, tí irú rẹ̀ jẹ́ `location`, kí àmì rẹ̀ hàn lókè fóònù. Android 14 ti sọ kíkọ irú rẹ̀ síbẹ̀ di dandan. Lórí iPhone, `allowsBackgroundLocationUpdates` ni.

Ẹ lè ṣe gbogbo èyí kí ó ṣì máa dákẹ́. Àwọn kan tó ń ṣe fóònù Android ní aṣọ́bátìrì tiwọn tó ń pa áàpù láìbéèrè. Kóòdù kò lè borí ìyẹn tán. Ẹ kọ́ àwọn ọlọ́kadà bí wọ́n ṣe máa yọ áàpù yín sọ́tọ̀ nínú Settings, lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá forúkọ sílẹ̀, pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ wọn.

Kí ló dé tí àmì ọlọ́kadà ń fò kiri lórí máàpù ní Marina?

Ilé gíga ni. Ìkéde sátẹ́láìtì á kọ́kọ́ lu gíláàsì ilé kan kó tó ta dé fóònù. Ìrìn rẹ̀ á ti gùn sí i, fóònù á sì ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé sátẹ́láìtì jìnnà ju bó ṣe wà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́kadà tó dúró jẹ́ẹ́ á ṣe bọ́ sínú ọ̀sà lórí máàpù. Àwọn fóònù tó ń gbọ́ ìkéde L1 àti L5, ìyẹn ìgbì rédíò méjì tí sátẹ́láìtì fi ń kéde, pọ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 2018, ń ṣe dáadáa sí i, ṣùgbọ́n ẹ má retí wọn lọ́wọ́ ọlọ́kadà.

Ẹ wo `getAccuracy` tó ń bá ìròyìn kọ̀ọ̀kan wá. Bí ó bá sọ 20, ó ń sọ pé ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìrètí pé fóònù wà láàárín mítà 20 sí ibi tó tọ́ka sí. Ẹ sọ èyí tó bá ga jù nù. Ẹ tún ṣírò eré: ọ̀kadà tó rin 900 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kò sí láyé yìí.

Ṣé kí n máa sọ location di àdírẹ́ẹ̀sì?

Lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kà á. Ẹ má ṣe é ní gbogbo ìgbà tí ọ̀kadà bá mira, torí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń jẹ dátà, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máàpù sì ń gba owó lé e. Nílẹ̀ wa, àdírẹ́ẹ̀sì tí máàpù á fún yín kì í sábà mú ẹnikẹ́ni délé. «Lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, géètì dúdú, ẹ béèrè ilé Ìyá Aláṣọ» ló ń mú wọn délé. Ẹ jẹ́ kí oníbàárà fi ọwọ́ gbé àmì sórí ilé rẹ̀, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún un láti kọ irú ọ̀rọ̀ yẹn.

Kí ni mo lè tọ́jú, fún ìgbà wo?

Ibi tí fóònù kan ń sùn lóru ni ilé onífóònù. Kò sí orúkọ tí ẹ yọ kúrò tó máa pa ìyẹn mọ́. Strava, áàpù àwọn tó ń sáré, gbé máàpù ìrìn àwọn oníbàárà rẹ̀ jáde ní ìparí 2017, láìsí orúkọ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2018, àwọn èèyàn ṣàkíyèsí pé ìlà tó ń tàn níbi tí aṣálẹ̀ ṣókùnkùn ní Syria àti Afghanistan jẹ́ ọ̀nà tí àwọn sójà ń sá ìdárayá nínú ibùdó wọn.

Ẹ gé nọ́ńbà kù kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀. Nọ́ńbà márùn-ún lẹ́yìn àmì ìdá ń tọ́ka sí bíi mítà kan, ìyẹn ẹnu ọ̀nà yàrá. Mẹ́ta jẹ́ nǹkan bí 110 mítà. Méjì jẹ́ kìlómítà kan ó lé díẹ̀. Bí ẹ bá ń fẹ́ mọ àdúgbò Ìbàdàn tí iṣẹ́ ti pọ̀ jù, 7.38 àti 3.95 ti tó. Ẹ pa ìrìn ọlọ́kadà rẹ́ nígbà tí ẹjọ́ ẹrù bá ti parí. Òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà 2023 kò gbà kí ẹ kó ju ohun tí iṣẹ́ nílò lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni GDPR, òfin dátà ti ilẹ̀ Yúróòpù, bí ẹ bá ní oníbàárà níbẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè dán an wò láìjáde nílé?

Emulator Android (fóònù àfarawé lórí kọ̀ǹpútà) àti Xcode ti Apple máa ń gba fáìlì GPX, tó ń to ibi tí ìrìn kan gbà, ẹ lè fi rin ìrìn Ọjọ́ta sí Lẹ́kí lórí tábìlì. Ó dára fún kóòdù, kò dára fún bátìrì. Ti bátìrì, ẹ gbé fóònù tó rẹlẹ̀ jù tí àwọn ọlọ́kadà yín ń lò fún ọ̀kan nínú wọn láti àárọ̀ dé alẹ́, kí SIM wà nínú rẹ̀, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bátìrì tó kún.

Nígbà tó bá dé, kí ẹ tó wo ohunkóhun mìíràn, ẹ pa áàpù, ẹ so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì tẹ `adb shell dumpsys location`. Á to orúkọ áàpù tó ń béèrè location lọ́wọ́ jáde. Bí tiyín bá ṣì wà níbẹ̀, ibì kan wà tí ẹ ti pe `requestLocationUpdates` tí ẹ kò pe `removeLocationUpdates`, ibẹ̀ sì ni bátìrì ń gbà lọ.